Gbèsè tí a kò ṣírò ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru wọlé

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti oúnjẹ ọmọ ni a sábà máa ń sọ níbí, àmọ́ ọ̀rọ̀ gbèsè ni mo gbé wá lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ owó. Bí ẹ bá jókòó tì mí nídìí tábìlì tí mo ti ń wọn ìfúnpá fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ óò gbọ́ tẹnu àwọn aláìsàn. Ẹ óò rí bàbá tí kò rí oorun sùn mọ́ nítorí owó tó yá. Ẹ óò rí ìyá àgbà tó ń fi oògùn ọjọ́ kan jẹ ọjọ́ méjì kí owó lè ṣẹ́ kù. Ẹ óò rí abilékọ tó jẹ́ pé bí fóònù rẹ̀ bá ti dún báyìí, àyà rẹ̀ á já pà.

Èmi náà kò sì lè máa ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì ni mò ń sọ. Mo ti jẹ gbèsè rí, ó sì wọ̀ mí lọ́rùn. Gbèsè yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí àbúrò ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn náà, kí n tó sọ ọ̀nà tí a gbà bọ́.

"Mi ò fẹ́ kí o rò pé mo ń sin ọ́ lówó"

Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2024, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nígbà tí wọ́n mú àbúrò ìyá mi wọlé. Màmá yìí ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, èlùbọ́ ni wọ́n ń tà, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọn kì í fi oògùn náà ṣeré rárá. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, orí ń fọ́ wọn, òòyì sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí mo wọn ìfúnpá wọn, 180 lórí 110 ni mo rí. Mo ní kí wọ́n sinmi díẹ̀, mo tún wọ̀n ọ́n, ibẹ̀ náà ló wà.

Fún àwọn tí kò mọ̀, bí a bá wọn ìfúnpá èèyàn léraléra lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ń tó 140 lórí 90 tàbí tó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni náà ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tó bá wá tó 180 lórí 110, kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, nítorí ó lè di rọpárọsẹ̀.

Mo bi wọ́n pé: "Màmá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n ní àwọn ń lò ó níwọ̀nba. Nígbà tí mo tẹnu mọ́ ọn, wọ́n jẹ́wọ́ pé ó ti lé ní oṣù méjì tí àwọn ti ra oògùn gbẹ̀yìn, owó ni kò sí. Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní: "Ọmọ mi, owó tí mo fi ń ra ọjà, tí mo fi ń ra oògùn, ọwọ́ rẹ ló wà. Mi ò fẹ́ kí o rò pé mo ń sin ọ́ lówó."

Ojú tì mí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Oṣù keje ọdún 2023 ni mo yá ₦100,000 lọ́wọ́ wọn, mo ní n óò dá a padà láàárín oṣù méjì. Oṣù méje ti kọjá, n kò sì tíì san kọ́bọ̀. Èmi tí mò ń sọ fún gbogbo ìlú pé kí wọ́n má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣeré, owó tó wà lọ́wọ́ mi ni kò jẹ́ kí màmá mi rí tiwọn rà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Màmá dákẹ́ nítorí kí ojú má tì mí, ara wọn sì fẹ́ bá wọn dákẹ́ lóòótọ́.

Dókítà tọ́jú wọn, wọ́n sì padà sẹ́nu oògùn. Èmi ni mo ra oògùn ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo délé lálẹ́, mo ní kí bàbá àwọn ọmọ mi jọ̀wọ́ pa tẹlifíṣọ̀n, kí a jọ jókòó.

Bí a ṣe kó sínú gbèsè

Tíṣà ni ọkọ mi. A kì í ṣe ọ̀mùtí, a kì í ta tẹ́tẹ́, a kò sì kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ìdílé náà ló ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni iye náírà já wálẹ̀. Owó ọkọ̀ lọ sókè, owó oúnjẹ lọ sókè, owó oṣù wa sì dúró síbi tó wà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, owó ilé ìwé ọmọ kò pé. Mo yá ₦80,000 lórí fóònù. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí owó fi wọlé, n kò wá onídùúró, n kò kọ ìwé kankan. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ mi náà yá ₦45,000 níbòmíràn lórí fóònù tirẹ̀ láti fi tún ọkọ̀ ṣe. N kò mọ̀ nípa tirẹ̀, òun náà kò mọ̀ nípa tèmi. Oníkálukú ń fi tirẹ̀ pamọ́ kí ọkàn ẹnì kejì má baà dàrú. Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ gbọ́ èyí o: gbèsè tí a fi pamọ́ fún ara wa kì í kéré sí i, ńṣe ló ń dàgbà nínú òkùnkùn.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a jókòó yẹn, a kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Owó orí fóònù méjèèjì, ₦125,000. Owó kọ́ọ̀pù tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù mi, ₦300,000. Àwìn tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ àdúgbò, ₦38,500. Aṣọ ẹbí méjì tí a kò tíì san, ₦65,000. Owó màmá, ₦100,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦628,500. Ọkọ mi gbé bírò sílẹ̀, a jọ ń wo ìwé náà. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé oorun tí mo sùn lóru ọjọ́ náà dára ju ti ọ̀pọ̀ oṣù lọ. Ìdí ni pé ohun tí a kò mọ iye rẹ̀ ló ń bani lẹ́rù jù.

Ìwọ̀fà ayé òde òní

Ọ̀rọ̀ owó orí fóònù yẹn ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Èlé ₦80,000 tèmi jẹ́ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ìyẹn ₦12,000. Èlé ₦45,000 ti ọkọ mi jẹ́ ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦9,000. Bí oṣù bá parí tí a kò rí ojú owó san, èlé nìkan la máa ń san, wọ́n á sì sún gbèsè síwájú. ₦21,000 lóṣooṣù, fún oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ₦189,000 la ti san lórí gbèsè ₦125,000, ₦125,000 náà ṣì wà níbẹ̀ digbí, kọ́bọ̀ kò kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà tó ń ka ìwé yìí á rántí ohun tí àwọn òbí wọn sọ fún wọn nípa ìwọ̀fà. Láyé àtijọ́, bí èèyàn bá yá owó, ó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà fún olówó. Ìwọ̀fà á máa ro oko olówó, á máa ṣiṣẹ́ fún un. Àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn, èlé ni. Kì í dín ojú owó kù. Bó ṣe ọdún kan, bó ṣe ọdún mẹ́wàá, ọjọ́ tí wọ́n bá tó kó ojú owó náà kalẹ̀ ni ìwọ̀fà tó máa ń gba ara rẹ̀. Ohun tí èmi àti ọkọ mi ń ṣe fún oṣù mẹ́sàn-án nìyẹn. A ń ro oko olówó.

Ẹ ó sì tún rántí àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò tí wọ́n ń kiri ìlú ta aṣọ láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n ní òṣó làwọn máa ló títí àwọn á fi gba owó àwọn. Òṣómàáló ayé àtijọ́ ń padà sílé rẹ̀ bó bá gba owó tán. Ti òde òní, inú àpò wa ló lóṣòó sí, inú fóònù.

Ìwé kan, bírò kan, ọgbọ̀n ọjọ́

Ohun tí a ṣe kò le. Ọmọ wa àgbà ra ìwé ilé ìwé kan fún wa. Ní gbogbo oṣù kẹta ọdún 2024, kò sí owó tó jáde nílé wa tí a kò kọ sínú rẹ̀, títí kan owó ọ̀kadà àti omi inú ọ̀rá. A kò tíì dín ohunkóhun kù lóṣù yẹn, a kàn ń kọ ọ́ ni. Ẹni tí kò mọ ibi tí igbá rẹ̀ ti ń jò, kò sí bó ṣe fẹ́ dí i.

Nígbà tí oṣù parí, a rí ibi mẹ́rin tó ń jò. Ìkíní, owó ìpè àti dátà gbogbo ilé jẹ́ ₦27,000. Ìkejì, búrẹ́dì òjijì, bísíkíìtì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò jẹ́ ₦31,000. Ìkẹta, epo jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ₦42,000. Ìkẹrin, òde ṣíṣe, owó níná lójú agbo àti owó ọkọ̀ òde jẹ́ ₦35,000. N kò bá má gbà bí ẹlòmíì bá ló sọ ọ́ fún mi, àmọ́ ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

A kò sọ pé a kò ní náwó síbẹ̀ mọ́, nítorí ohun tó bá le jù kì í pẹ́. A kàn fi ìwọ̀n sí i. Ìpè àti dátà di ₦15,000. Ìpápánu di ₦14,000, mo wá ń din àkàrà nílé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Epo jẹnẹrétọ̀ di ₦24,000, a ń tan án fún wákàtí méjì lálẹ́ kí àwọn ọmọ fi kàwé, a ó sì pa á. Òde di ₦10,000. Gbogbo ohun tó wọlé padà jẹ́ ₦72,000 lóṣù. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Gbèsè wo ni ká kọ́kọ́ san?

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Gbèsè tí èlé rẹ̀ wọ́n jù ni ètè, òun la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dojú kọ. Àwọn tó kù, ẹ lọ bá àwọn tó ni ín, kí ẹ sọ òótọ́ fún wọn, kí ẹ sì dá ọjọ́. Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá oníṣọ́ọ̀bù, mo ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, oṣù kẹfà ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í san tiyín, àmọ́ láti òní lọ n kò ní ra àwìn mọ́, owó ọwọ́ ni n ó máa mú wá." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń sá fún olówó ló ń bí olówó nínú, ẹni tó wá bá a sọ̀rọ̀ kì í sábà bí i nínú.

Gbèsè màmá kò ní èlé rárá. Bí a bá fi ojú ìṣirò wò ó, òun ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Àmọ́ ìlera wọn wà nínú rẹ̀. A pinnu pé ₦10,000 á máa lọ sọ́dọ̀ wọn lóṣooṣù láti oṣù kìíní, kí oògùn má wọ́n wọn mọ́. ₦10,000 míì wọnú kóló fún ohun òjijì. ₦52,000 ló kù. A fi kún ₦21,000 tí a ti ń san fún èlé tẹ́lẹ̀, ó di ₦73,000 tí a ó máa fi kọlu gbèsè.

Oṣù kẹrin ọdún 2024, a san èlé méjèèjì, a san gbogbo ₦45,000 ọkọ mi, a sì yọ ₦7,000 kúrò lára tèmi. Oṣù karùn-ún, èlé tèmi ti di ₦10,950, ojú owó tó ṣẹ́ kù sì di ₦10,950 kan náà. Oṣù kẹfà, owó orí fóònù tán, a sì san gbogbo àwìn oníṣọ́ọ̀bù, a tún san díẹ̀ lára aṣọ ẹbí. Oṣù mẹ́sàn-án la fi ro oko olówó, oṣù mẹ́ta péré la fi gba ara wa. Oṣù keje, aṣọ ẹbí tán, èyí tó ṣẹ́ kù sì lọ sọ́dọ̀ màmá. Oṣù kẹjọ ọdún 2024, mo gbé ₦30,100 tó kù fún wọn. Ti kọ́ọ̀pù, wọ́n ń yọ ọ́ lára owó oṣù mi bó ṣe wà nínú àdéhùn, èlé rẹ̀ kéré, a jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀.

N kò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ rọrùn. Ní oṣù kẹfà, ibà mú àbíkẹ́yìn wa. Àyẹ̀wò àti oògùn gba owó. Tó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, orí fóònù la ó tún padà sí. Àmọ́ ₦30,000 ti wà nínú kóló, ibẹ̀ la ti mú un. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó san gbèsè tán kí ẹ tó fi owó pamọ́. Kóló kékeré yẹn ni kì í jẹ́ kí èèyàn padà sínú ọ̀fìn.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ gé

Níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá ń dín owó ilé kù, àwọn nǹkan kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Oògùn ojoojúmọ́ ni àkọ́kọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà kì í ṣe ohun tí a ń pín sí méjì kó lè pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, nítorí náà ẹ má ṣe sọ pé ara yín le kí ẹ dá oògùn dúró. Bí owó rẹ̀ bá ga jù, ẹ sọ fún dókítà tàbí olóògùn. Ó ṣeé ṣe kí irú oògùn kan náà wà tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, tí owó rẹ̀ sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi dá ara yín lóhùn o, ẹ bèèrè.

Èkejì ni oúnjẹ tó ń mú ọmọ dàgbà. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, edé àti ẹ̀fọ́, ẹ má gé wọn. Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ni kí ẹ gé. Ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀, kò ṣe ọmọ lóore, kò sì dára fún àgbà tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Bí aládùúgbò mẹ́ta bá dáwó jọ ra àpò ẹ̀wà kan, tí wọ́n pín in, ó máa ń dín owó kù ju kí oníkálukú máa ra kóńgò kọ̀ọ̀kan lọ.

Ẹ̀kẹta ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ. Ọ̀fẹ́ ni àwọn tó wà nínú ètò ìjọba ní ilé ìwòsàn ìjọba, nítorí náà gbèsè kì í ṣe àwáwí.

Ẹ̀kẹrin ni ọkàn yín. Bí ẹ bá rí onígbèsè tí kò jẹun mọ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tàbí tó ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ má sì bú u. Ẹ mú un wá sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Gbèsè ṣeé san, ẹ̀mí kò ṣeé rà padà.

Ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù

Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi àwòrán àwọn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí pé olè ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òfin kò fàyè gba ìyẹn. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Nàìjíríà, gbé ìlànà jáde lọ́dún 2022 pé àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dún 2025, wọ́n tún gbé òfin tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde. Kò yẹ kí wọ́n máa halẹ̀ mọ́ yín tàbí kí wọ́n máa pe àwọn ẹbí yín láti dójú tì yín. Kí ẹ tó yá owó, ẹ ní kí ọmọ yín bá yín wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá orúkọ ilé iṣẹ́ náà wà nínú àwọn tí FCCPC forúkọ wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ yín, ẹ má pa ìsọfúnni náà rẹ́, ẹ̀rí yín nìyẹn, ẹ fi ẹjọ́ sùn.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé nítorí ìyẹn òun kò ní san. Ti báǹkì tún yàtọ̀. Láti ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí báǹkì tó yáni lówó fi lè gba owó rẹ̀ nínú àkáǹtì tí onígbèsè ní ní báǹkì mìíràn, nítorí nọ́ńbà BVN ló so gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tó bá sá kúrò ní báǹkì kan lọ sí òmíràn, ojú kan náà ló wà.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ọmọ yín wà ní ìlú ọba, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Àbúrò mi kan wà ní London, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ọ̀pọ̀ owó tó fi ránṣẹ́ sílé fún ìsìnkú àti àpèjẹ, kì í ṣe owó oṣù rẹ̀ o, káàdì tí báǹkì fi ń yáni lówó, tí wọ́n ń pè ní kírẹ́díìtì káàdì, ló fi ń gbé bùkátà tirẹ̀ kí ó lè rí owó fi ránṣẹ́. Àwa nílé ń jó, òun ń san èlé lọ́hùn-ún.

Káàdì yìí ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lóṣooṣù, wọ́n á kọ iye tó kéré jù tí èèyàn lè san. Ẹni tó bá ń san iye kékeré yẹn nìkan, ìwọ̀fà ni. Ká ní èèyàn jẹ £2,000, tí èlé rẹ̀ jẹ́ méjì nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Èlé oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ £40. Bó bá ń san £60 lóṣù, tí kò sì ra nǹkankan mọ́, oṣù 56 ni yóò fi san án tán, owó tó máa san á lé ní £3,300. Bó bá lè san £120, oṣù 21 ni, owó tó máa san kò ní ju nǹkan bíi £2,460 lọ. Iṣẹ́ kan náà, ìwé kan náà, bírò kan náà ló máa fi wá £60 tó fẹ́ fi kún un.

Ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ sì wà níbẹ̀. StepChange, National Debtline àti Citizens Advice máa ń gba onígbèsè nímọ̀ràn láì gba kọ́bọ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, ètò kan wà ní England àti Wales tí wọ́n ń pè ní Breathing Space, tí ẹni tó bá yẹ fi lè rí 60 ọjọ́ gbà kí àwọn tó jẹ lówó má fi dà á láàmú, tí wọn kò sì ní fi èlé kún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú gbèsè náà. Àmọ́ àwa òbí náà ní iṣẹ́ tiwa. Kí a tó pe ọmọ pé kó fowó ránṣẹ́ fún òde, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í pé: "Ọmọ mi, báwo ni nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ rẹ? Ṣé o kò jẹ gbèsè?" Ọ̀pọ̀ wọn kò ní sọ àyàfi tí a bá bi wọ́n.

Kí a má padà síbẹ̀ mọ́

Lẹ́yìn tí a bọ́, a ṣe òfin mẹ́rin nílé wa. Ìkíní, kò sí ẹni tó máa yá owó láì sọ fún ẹnì kejì. Ìkejì, a ń dá àjọ lọ́dọ̀ ẹni tí a mọ ilé rẹ̀ àti ìwà rẹ̀, kí owó ilé ìwé má baà jẹ́ òjijì. Oṣù kẹsàn-án kì í dé lójijì, ọdọọdún ló ń dé. Ìkẹta, aṣọ ẹbí kan péré la ń rà lọ́dún, ẹni tó bá bínú, inú rẹ̀ á rọ̀. Ṣe bóo ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ìkẹrin, a forúkọ sílẹ̀ nínú ètò ìlera adójútòfò ti ìpínlẹ̀ wa, nítorí owó ilé ìwòsàn òjijì wà lára ohun tó ń sọ ọ̀pọ̀ ìdílé di onígbèsè. Èkó ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Ọ̀ṣun náà ní tiwọn. Ẹ lọ bèèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín.

Lọ́jọ́ tí mo gbé owó ìkẹyìn fún màmá ní oṣù kẹjọ yẹn, wọn kò kà á. Wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n wá na apá sí mi pé kí n wọn ìfúnpá àwọn. 138 lórí 84 ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Ṣé tìrẹ ńkọ́, nọ́ọ̀sì?" N kò rántí ìgbà tí mo wọn tèmi gbẹ̀yìn. Mo so ó mọ́ apá ara mi níbẹ̀, mo wọ̀n ọ́n lójú wọn. Ó dára.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ra ìwé kan lónìí. Ẹ pe ọkọ tàbí aya yín, kí ẹ kọ gbogbo gbèsè yín sílẹ̀ kí ẹ tó sùn. Bí ẹ bá sì jẹ ẹnì kan tó ti dàgbà lówó, tí kò bi yín léèrè láti ọjọ́ yìí, ẹ má rò pé kò nílò rẹ̀. Ẹ lọ wò ó nílé, kí ẹ bi í bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa.